Omijé Keje

“Má gbé ojú kúrò lára rẹ̀ o! Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Tó bá ti le báyìí, ó ti le nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, nítorí pé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló ń ṣe. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ tàbí àìsàn bá gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí ló ń gbà lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá wí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà ní orúkọ tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Etí Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orúkọ yẹn ṣe jẹ́, torí pé òun gan-an ló bí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ rò fún yín. Ogún ọdún ni Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ti ń lo máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé irin, ariwo rẹ̀ sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sókè, ó ń gbọ́. Ohùn kékeré ni kò gbọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ohùn kékeré gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ nílò. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti parí, wọn a mú òòlù kékeré onígi, wọn a máa fi kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó dára a dún “kọ́”. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, tí kò ní agbára, a dún “bọ̀”, bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn yàrá tó ṣófo. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti pé ọdún méjìlá ni bàbá rẹ̀ ti fi òòlù náà lé e lọ́wọ́. Tó bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. Bàbá kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán Sátidé tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ Màmá Ìkòkò ló wà lórí tábìlì. Màmá Ìkòkò ló ń se oúnjẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Etí Ọ̀gá ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé ìkòkò tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan a gbé e, a sì máa kọrin lọ. Ọkọ̀ kan ló gbá a ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ní òun á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi wọlé. Tí wọ́n bá wọlé tí kò tíì lè dúró, wọ́n á gba ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n wọlé. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe apá òkè ẹsẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ife, jẹ́ aṣọ dúdú kan tó fúyẹ́ bí ìborí, tó sì máa ń le ju irin lọ tí oje bá ti gbẹ sínú rẹ̀. Òkè òkun ló ti ń wá. Oṣù mẹ́rin ni Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ fi dúró de èyí tó wà nílẹ̀ yìí, kò sì ku òmíràn ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi wé mọ́ ère funfun tó rí bí ẹsẹ̀ Màmá Ìkòkò, ó ti da àpò ọ̀rá bò ó, ó sì ti da oje tó po mọ́ èròjà tí ń mú un le sínú ọ̀rá náà. Ẹ̀rọ kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́. Iṣẹ́ Etí Ọ̀gá ò ju kó máa fi okùn fa oje náà sọ̀kalẹ̀, sókè sódò, sókè sódò, kó lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí bóòtù, irin tó so ife mọ́ ìyókù ẹsẹ̀, máa wọ̀.

“Mo gbọ́, Bàámi,” ọmọ náà dáhùn.

Oníbàárà kan ló ń kan ìlẹ̀kùn iwájú. Bàbá jáde lọ bá a. Bí ó ṣe jáde tán ni fóònù gbọ̀n nínú àpò ọmọ náà. Aago mẹ́rin ti lù.

Eré kan wà lórí fóònù yẹn tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onídígí nítorí pé dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìsàlẹ̀ ìgò. Nínú eré náà, alágbẹ̀dẹ ni Etí Ọ̀gá. A máa rìn kiri inú igbó àti ihò àpáta, a máa ṣa irin, a máa ṣa awọ, a sì máa fi wọ́n rọ ohun ìjà. Irin wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rọ Idà Mọ̀nàmọ́ná gbọ́dọ̀ ní omijé dírágónì méje, omijé dírágónì kì í sì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń rí he. Aago mẹ́rin lójoojúmọ́ ni ihò kan ń ṣí fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ènìyàn lè wọ ibẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó má rí nǹkan kan. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ yìí fi rí mẹ́fà.

“Bó ṣe ṣọ̀wọ́n yẹn gan-an ni adùn rẹ̀,” Onídígí máa ń wí. “Tó bá wà nílẹ̀ bí ẹrẹ̀, ta ló máa bẹ̀rẹ̀ mú un?”

Ọmọ náà fi ọwọ́ kan di okùn mú, ó fi èkejì yọ fóònù. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó wò ó, ó sì rí iná kékeré aláwọ̀ búlúù kan tó ń ṣẹ́jú ní ìsàlẹ̀ ihò náà. Omijé keje! Dírágónì mẹ́ta ló dúró sí àárín òun àti rẹ̀, ọwọ́ kan ò sì lè bá dírágónì mẹ́ta jà. Ó ju okùn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni, ó wí nínú ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin náà mọ bí ìṣẹ́jú kan ibẹ̀ ṣe máa ń gùn tó.

Ó rí i gbà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ọn. Orí rẹ̀ wú, ó fi ẹsẹ̀ jó nílẹ̀, ó gbé àwọn omijé méjèèje sínú iná àgbẹ̀dẹ orí fóònù, idà náà sì jáde, ó ń kọ mànà. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó gbé orí sókè.

Okùn wà nílẹ̀ níbi tó jù ú sí. Oje náà ti le.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Òkè dára, àárín dára. Ní ìsàlẹ̀, ní ibi tí bóòtù máa wọ̀ gẹ́lẹ́, ojú kan wà tó funfun, tó gbẹ, tí oje kò dé, kò ju ìka méjì lọ. Ó ká ìsàlẹ̀ ọ̀rá sókè, ó fi èékánná họ ọ́, fọ́nrán aṣọ gbígbẹ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ níwájú, ó ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin ló wá sí i lọ́kàn, àti Màmá Ìkòkò tó ń ka ọjọ́, àti ojú tí bàbá rẹ̀ máa fi wo òun. Báàgì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó yọ pọ́líìṣì bàtà jáde, ó fi aṣọ bù ú, ó fi kun ojú ibẹ̀ títí ó fi dúdú bí ìyókù, ó sì fa ọ̀rá bò ó padà.

Bàbá wọlé. “Ó lọ dáadáa?”

“Ó lọ dáadáa, Bàámi.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ̀rá kúrò, Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ mú òòlù onígi wá. “Etí Ọ̀gá, ó yá, sọ ohun tó ń wí fún mi.” Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra. Ó dé ìsàlẹ̀.

Bọ̀.

Ohùn náà pọ̀ létí rẹ̀ débi pé ó rò pé bàbá òun gbọ́ ọ. Ó wo ojú rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí. Gbólóhùn kan péré ni.

“Ó dára, Bàámi.”

“Gbogbo rẹ̀?”

Kò bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ojú ọmọ náà ló rí, tí kò mọ ohun tó rí níbẹ̀.

“Gbogbo rẹ̀.”

Ọjọ́ tí Màmá Ìkòkò wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tábìlì, ó yípo, ó rìn padà, ó bú sẹ́kún. “Ọ̀gá, Ọlọ́run á tọ́jú yín o! Ẹ wò mí! Mo tún ga bí mo ṣe ga!” Ó fa Etí Ọ̀gá mọ́ra. “Ìwọ náà, mo gbọ́ pé ìwọ lo fi okùn fà á. Ẹran ńláńlá lo máa jẹ títí o fi máa jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn.” Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ ń nu ojú. Ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ pọn omi, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láìmú garawa kankan dání.

Wọ́n wọlé. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ariwo Idà Mọ̀nàmọ́ná ló gba kíláàsì kan. Onídígí ń fi fóònù náà han ọ̀tún han òsì, wọ́n ń pe Etí Ọ̀gá ní ìyá alágbẹ̀dẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago oúnjẹ bá lù, Màmá Ìkòkò a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa dún lórí símẹ́ńtì. Gbogbo kíláàsì ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin tó ń rìn. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ́, bọ̀. Kọ́, bọ̀. Kò lè fi ìka di etí, torí pé wọ́n á bi í léèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, eré náà yí padà. Àwọn tó ni ín ti gbé nǹkan tuntun wọ inú rẹ̀: idà mìíràn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti òkúta mìíràn tí wọ́n á máa wá. Omijé dírágónì wá di nǹkan tó wà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Onídígí ṣa ogójì láàárín wákàtí kan.

“Wò ó, bí ẹrẹ̀!” ó kígbe, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. “Oṣù mẹ́fà rẹ ti wọ igbó!”

Ohùn kan tí Etí Ọ̀gá kò gbọ́ rí ló ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́, bọ̀, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún “kírí” bí ìgbà tí igi bá fẹ́ ṣẹ́. Màmá Ìkòkò ń lọ sí ilé ìdáná. Aago mọ́kànlá ku díẹ̀, àkókò tó máa ń gbé omi gbígbóná kúrò lórí iná nìyẹn.

Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ olùkọ́. Ó dìde, ó sáré, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Màmá Ìkòkò ti gbé ìkòkò náà sókè dé àyà, èéfín bo ojú rẹ̀, ó ń kọrin.

“Mà, ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀!”

“Háà, Etí Ọ̀gá! Ṣé ebi ti ń pa ọ́ láti ìsinsìnyí ni?”

“Ẹsẹ̀ yín kò dára! Mo mọ̀! Láti ọjọ́ tí a ti ṣe é ni mo ti mọ̀!”

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Kò bèèrè nǹkan kan mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bẹ̀rẹ̀ kó lè gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó kù bí ìka mẹ́rin kó kan ilẹ̀ nígbà tí ife náà fọ́. Ẹsẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìkòkò dojú dé, omi náà sì bo apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Igbe tó ké, ẹni tó wà ní ẹnu géètì gbọ́ ọ.

Ní ọsibítù, dókítà ní tí ìkòkò yẹn bá ti wà ní àyà rẹ̀ nígbà tó ṣubú, ojú rẹ̀ ì bá ti lọ. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́ ọ, ó mi orí. Àfọ́kù ife náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu ojú tó fọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Pọ́líìṣì bàtà,” ó wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Kí lo gbọ́ lọ́jọ́ tí o kàn án?”

“Bọ̀ ni mo gbọ́, Bàámi.”

“O gbọ́ ọ dáadáa?”

“Mo gbọ́ ọ dáadáa.” Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, okùn, fóònù, omijé keje, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Kò nà án. Ì bá sàn fún un tó bá nà án. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀ tó ti bàjẹ́. “Etí mi ló parọ́ fún mi,” ó wí. Ọmọ náà wọlé lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Ìkòkò, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó kọ ojú sí ògiri.

“Máa lọ sílé,” ó wí.

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó ní ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù òun ni, wọ́n sì gbà láti dúró de Màmá Ìkòkò. Ó kọ̀wé béèrè aṣọ dúdú mìíràn, ó tún di oṣù mẹ́rin. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, kò pe ọmọ rẹ̀ ní Etí Ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Ìwọ ọmọ yìí, gbálẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, gbé ìyẹn wá.” Tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn bá parí, òun fúnra rẹ̀ a fi eyín di ọ̀pá irin kan mú, a fi orí ọ̀pá náà ti ara ẹsẹ̀, a sì máa kàn án, kó lè gbọ́ ohùn náà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Itọ́ a máa ṣàn lágbọ̀n rẹ̀. Ọmọ náà a dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, etí rẹ̀ méjèèjì dá ṣáká, a máa wò ó.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń lọ sílé Màmá Ìkòkò. Ó ń fọ aṣọ, ó ń pọn omi, ó ń gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni obìnrin náà kò fi bá a sọ̀rọ̀ ju “o káre” lọ. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó pè é.

“Jókòó. Kí lo rí gbà níbẹ̀ gan-an?”

Ọmọ náà yọ fóònù jáde pẹ̀lú ìtìjú, ó ṣí eré náà, ó fi idà náà hàn án.

“Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń kọ mànà, mà.”

“Kí ló tún ń ṣe?”

“Ó tán, mà.”

Màmá Ìkòkò wo idà náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wo apá òsì rẹ̀ níbi tí awọ ti bó, tó ti hun jọ. “Ó rẹwà o,” ó wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà sunkún títí ó fi délé. Lọ́jọ́ yẹn ló yọ eré náà kúrò, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé kó yọ ọ́.

Aṣọ dúdú náà dé. Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jáde kúrò nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kò gba àlejò kankan. Ọjọ́ kejì, Màmá Ìkòkò wá, ó jókòó lórí àga níwájú tábìlì. Bàbá nawọ́ mú ọ̀pá irin rẹ̀.

“Ẹ fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀, Ọ̀gá,” obìnrin náà wí. “Ẹ gbé òòlù fún ọmọ yẹn.”

“Èmi ni mo máa kàn án.”

“Èmi ni mo máa wọ̀ ọ́. Òun ló mọ bí èyí tí kò dára ṣe ń dún, tó sì mọ ohun tó ń ṣe fún ènìyàn. Ẹ gbé e fún un.”

Bàbá gbé òòlù kalẹ̀ sórí tábìlì, kò fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà mú un. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ó kàn án yípo, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ́. Màmá Ìkòkò mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbé òòlù sílẹ̀, ó padà sókè, ó tẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ ẹnu ife, ó tún kàn án. Ó rántí oṣù mẹ́rin. Ó rántí pé tí òun bá sọ ọ́, ó lè tún di oṣù mẹ́rin mìíràn, obìnrin yìí sì jókòó níwájú òun.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ibí yìí kò dá mi lójú.”

Ọ̀gá Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀ síwájú kíá. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó gbé e sí ojú oòrùn lẹ́nu fèrèsé. Afẹ́fẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó mú gègé ìkọ̀wé, ó fa ìlà yíká ibi tó máa gé dànù kí ẹnu ife lè dán. Afẹ́fẹ́ náà bọ́ sí òkè ìlà.

“Ibi tí a máa gé dànù ni,” ó wí. “Kò lè ṣe nǹkan kan.” Ó wo ọmọ rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí o kò bá sọ ọ́.”

“Mo gbọ́ ọ, Bàámi. Mo ní láti sọ ọ́.”

Ọkùnrin náà gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó tún fi lé e lọ́wọ́, ó sì pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. “Ó ku apá ẹ̀yìn,” ó wí. “Parí ẹ̀, Etí Ọ̀gá.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ka ìtàn yìí, mi ò ní kí ẹ má ṣeré. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú eré máa ń dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ṣọ̀wọ́n lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Kí ẹnì kan gbà yín gbọ́ láìbi yín lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn náà ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yin nìkan lẹ sì lè bà á jẹ́. Tí ẹ bá ti gbọ́ “bọ̀”, ẹ sọ ọ́ níjọ́ náà. Màmá Ìkòkò ṣì ń gbé ìkòkò rẹ̀, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ báyìí, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó.